Ìlù Tí Ń Dún Nínú Ìfun

Ọ̀rọ̀ tí Ìgbìmọ̀ Ìlera sọ níbi ìfilọ́lẹ̀ àpò owó ẹgbẹ́ wa

   

Nígbà tí àwọn tí ń ṣètò ayẹyẹ yìí ní kí àwa Ìgbìmọ̀ Ìlera wá sọ̀rọ̀, ohun tí wọ́n rò ni pé ọ̀rọ̀ ibà tàbí ti ẹ̀jẹ̀ ríru ni a ó mú wá. Ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n òmíràn ni ó wà lọ́kàn wa. Ọ̀rọ̀ ìfun ni. A mọ̀ pé oúnjẹ ń bọ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí, a sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìfun kì í ṣe ohun tí à ń sọ kí á tó jẹun. Ẹ forí jì wá. Tótó, ó ṣe bí òwe lójú ẹ̀yin àgbà, a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kí á máa pa làpálàpá.

Ohun tí ó fà á

Ọ̀kan nínú àwọn baba wa nínú ẹgbẹ́ yìí ni ó fà á. A kò ní dárúkọ wọn, wọ́n sì ti fún wa láyè kí á sọ ìtàn náà. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí baba yìí ti ní ìpá. Bí wọ́n bá dùbúlẹ̀, ìpá náà a wọlé. Bí wọ́n bá dìde, a tún jáde. Kò dùn wọ́n, nítorí náà wọn kò kà á sí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, bí wọ́n ti gbé àpò ìrẹsì kan ní ìsọ̀ wọn, ìpá náà jáde, ó sì kọ̀ kò wọlé mọ́. Ó le bí òkúta. Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, inú ti bẹ̀rẹ̀ sí run wọ́n: a run, a dáwọ́ dúró, a tún run. Wọ́n ń bì. Inú wọn ń wú. Wọn kò lè yàgbẹ́, wọn kò sì lè só.

Ìyá ilé ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. Aládùúgbò kan gbé agbo wá. Ẹnìkan lọ ra oògùn ìyàgbẹ́ ní ìsọ̀ oníkẹ́míìsì, wọ́n lò ó mọ́ ọn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí ọ̀rọ̀ náà ń le sí i, gbogbo wa pé jọ sí ilé baba. Àwa tí a ń sọ̀rọ̀ yìí wà níbẹ̀, a kò sì ní parọ́: púpọ̀ nínú wa ni ó sọ pé kí á gbé wọn lọ sílé. A ní àwọn ará ilé ni ó mọ oògùn irú àrùn bẹ́ẹ̀, àti pé bí ó bá di ohun tí a kò fẹ́, kí ó má jẹ́ ilẹ̀ àjòjì ni yóò ti bá wọn. A ti wá ọkọ̀. A ti ra epo sí i. Láti ìlú yìí dé Ọ̀fà, ẹ mọ bí ọ̀nà náà ti jìn tó.

Ọmọbìnrin wa kan tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì ni ó dé láti ibi iṣẹ́ alẹ́ tí ó bá wa lẹ́nu ìjíròrò yìí. Ó kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà, ó fọwọ́ kan inú baba, ó sì dìde. Ó ní, “Ẹ̀yin bàbá mi, mo bẹ̀ yín, ẹ má gbé wọn lọ sílé. Bí ẹ bá gbé wọn lọ sílé, òkú ni ẹ ó gbé dé ibẹ̀.” Ọ̀rọ̀ náà korò lẹ́nu ọmọdé, ṣùgbọ́n òun ni ó gba baba là. Ilé ìwòsàn ni ọkọ̀ náà kọjú sí. Lálẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn. Apá kan nínú ìfun tí ó há sínú ìpá ti dúdú, ó ti kú. Wọ́n gé e kúrò, wọ́n sì so èyí tí ó yè pọ̀.

Ibi tí ìjà ti wá bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ní òròòwúrọ̀, bí dókítà bá ti dé ìdí ibùsùn baba, ìbéèrè kan ṣoṣo ni yóò kọ́kọ́ bi àkọ́bí wọn: “Ṣé baba ti só?” Inú bí ọmọ náà. Ó ní irú ọ̀rọ̀ rírùn wo ni èyí sí àgbàlagbà, olóyè láàárín ìlú. Ní ọjọ́ kejì, ẹbí kan tí àánú ṣe rọra bu ẹ̀kọ gbígbóná fún baba lẹ́yìn àwọn nọ́ọ̀sì. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bì í, inú wọn tún wú, wọ́n sì ní láti tún rọ́bà tì bọ imú wọn dé àpòlùkù láti fa omi inú rẹ̀ jáde. Ní ìdájí ọjọ́ kẹrin ni baba só. Nọ́ọ̀sì pàtẹ́wọ́, gbogbo àwọn tí ó wà ní yàrá náà bú sẹ́rìn-ín, baba pàápàá rẹ́rìn-ín. Dókítà dé, ó ní kí wọ́n fún wọn lómi mu.

Lẹ́yìn tí baba padà sílé tán ni àwa ìgbìmọ̀ jókòó tí a sì bi ara wa pé: kí ni ó wà nínú ìsó tí dókítà fi ń dúró dè é bẹ́ẹ̀? Àwọn nọ́ọ̀sì, apòògùn àti olùkọ́ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ni ó wà nínú ìgbìmọ̀ yìí. A wádìí ọ̀rọ̀ náà dé ìdí rẹ̀, ohun tí a sì bá níbẹ̀ yà wá lẹ́nu.

Iná àti ìlù

Kò wọ́pọ̀ kí iṣan kan mira nínú ara ènìyàn láìjẹ́ pé iná kékeré kan kọ́kọ́ là kọjá nínú rẹ̀. Kì í ṣe iná tí ń jóni, ó sì kéré jọjọ sí èyí tí ó wà nínú wáyà ilé wa. Àwọn èròjà bí iyọ̀ tí ó wà nínú omi ara wa ni ó ń dá a sílẹ̀, bí wọ́n ti ń wọ inú iṣan tí wọ́n sì ń jáde. Púpọ̀ nínú wa ti rí ti ọkàn: a óò lẹ wáyà mọ́ àyà aláìsàn, ẹ̀rọ yóò sì máa ya ìlù ọkàn rẹ̀ sórí bébà, òkè-ìsàlẹ̀, òkè-ìsàlẹ̀. Ará Holland kan, Willem Einthoven, gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1924 nítorí iṣẹ́ yìí.

Bí ọkàn ti ní ìlù tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ìfun ní. Àpòlùkù ni oúnjẹ kọ́kọ́ ń bọ́ sí. Láti ibẹ̀ ni ó ń bọ́ sínú ìfun tín-ín-rín, èyí tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí mítà 6 bí a bá nà án sílẹ̀ lẹ́yìn ikú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìfun ńlá. Nínú àpòlùkù, ìlù yìí ń dún ní ìgbà 3 ní ìṣẹ́jú kan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìfun tín-ín-rín, ó ń dún tó ìgbà 12. Bí a ti ń sọ̀kalẹ̀ ni ó ń falẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé níbi tí ìfun tín-ín-rín ti fẹ́ pàdé ìfun ńlá, kò ju nǹkan bí ìgbà 8 lọ. Ìlù yìí kì í sinmi. A sùn, ó ń dún. A jí, ó ń dún. A gbààwẹ̀, ó ń dún.

Ta ni onílù? Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọmọ ilẹ̀ Spain kan tí ń jẹ́ Santiago Ramón y Cajal rí àwọn ẹ̀yà wẹ́wẹ́ kan láàárín iṣan ìfun, tí ọwọ́ wọn nà kan ara wọn bí àwọ̀n. Òun náà gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1906, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí ọpọlọ àti iṣan ìmọ̀lára. Ṣùgbọ́n ó di àárín ọdún 1990 sí 1999 kí a tó rí i dájú pé àwọn ẹ̀yà wẹ́wẹ́ wọ̀nyí gan-an ni onílù. Àwọn onímọ̀ rí eku tí wọ́n bí láìní irú wọn nínú iṣan ìfun tín-ín-rín rẹ̀. Nígbà tí wọ́n wọn iná ibẹ̀, ìlù kò dún.

Ẹ wá fetí sí èyí dáadáa, nítorí òun ni kókó ọ̀rọ̀. Ìlù ń dún kò ní kí ijó máa lọ. Ẹ̀yin ẹ wo òde ijó: onílù lè máa lù láti àárọ̀, kí àwọn ènìyàn jókòó sójú kan. Bẹ́ẹ̀ ni ìfun rí. Iná àkọ́kọ́, èyí tí ń falẹ̀, ni ìlù. Bí iná kejì tí ó yára tí ó sì mú ṣáṣá bá gun orí ìlù náà, nígbà náà ni iṣan yóò fún pọ̀ tí yóò sì ti oúnjẹ. Ìyẹn ni ijó. Oúnjẹ tí a jẹ, iṣan ìmọ̀lára, àti àwọn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ ni ó ń sọ ìgbà tí oníjó yóò dìde. Ṣùgbọ́n oníjó kan kò lè gbẹ́sẹ̀ ju bí ìlù ti ń dún lọ: níbi tí ìlù bá ti dún ní ìgbà 12, ìfun ibẹ̀ kò lè fún pọ̀ ju ìgbà 12 lọ ní ìṣẹ́jú kan.

Bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n

Ẹni tí ó kọ́kọ́ gba ìlù inú sílẹ̀ láti òde ara ni dókítà Walter Alvarez, ní ìlú San Francisco ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ọdún 1921. Ó rí ìyá àgbàlagbà kan tí awọ inú rẹ̀ fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán fi ń rí i bí àpòlùkù rẹ̀ ti ń fún pọ̀. Ó lẹ wáyà mọ́ ọn lára, ó rí ìlù náà: ìgbà 3 ní ìṣẹ́jú kan, ó sì bá ohun tí ojú ń rí mu.

Ti àpòlùkù nìyẹn. Ti ìfun tín-ín-rín le ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìdí rẹ̀ sì ni ìwọ̀nyí. Ìkíní, ìfun náà ká gbingbin lé ara rẹ̀ lórí, nítorí náà ohùn ibi púpọ̀ ni yóò dà pọ̀ dé ara awọ. Ìkejì, ọ̀rá inú a máa dín agbára iná náà kù kí ó tó jáde. Ìkẹta, ọkàn wà nítòsí, ohùn rẹ̀ sì ga ju ti ìfun lọ fíìfíì, bí ìgbà tí a ń wá ohùn ẹni tí ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́bàá ìyá ìlù. Ìkẹrin ni ó pa wá lẹ́rìn-ín jù: àgbàlagbà tí ó dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ a máa mí ní ìgbà 12 sí 20 ní ìṣẹ́jú kan. Ìlù òkè ìfun sì ń dún ní ìgbà 12. Bí ẹni tí ń wọ̀n ọ́n kò bá ṣọ́ra, èémí ni yóò kọ sílẹ̀ tí yóò sì máa pè é ní ìfun.

Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ fi wá ọ̀nà mìíràn. Àwọn kan lo àǹfààní iṣẹ́ abẹ: nígbà tí inú ṣì wà ní ṣíṣí, wọ́n a rán wáyà tín-ín-rín mọ́ ara ìfun, wọn a yọ orí rẹ̀ síta, wọn a sì máa kà á fún ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n tó rọra fà á jáde. Àwọn mìíràn fi rọ́bà tí a ti fi irin wẹ́wẹ́ dí lára bọ ihò imú dé inú ìfun. Ní ìlú Auckland ní New Zealand, wọ́n ṣe bébà ike kan tí ó kún fún irin akawọ̀n, tí a lè tẹ́ lé ìfun lórí lásìkò iṣẹ́ abẹ, kí á lè rí bí ìlù náà ti ń rìn láti ibì kan dé ibòmíràn. Ní Yunifásítì Vanderbilt ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wọ́n gba ọ̀nà tí kò ní abẹ rárá. Níbi tí iná bá ti ń rìn, agbára òòfà, irú èyí tí ń fa irin, a máa wà níbẹ̀. Agbára yìí sì ń gba inú ọ̀rá kọjá láìdínkù bí iná ti ń dínkù. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ ọ ń jẹ́ SQUID. Inú òtútù tí ó tó ìwọ̀n 269 nísàlẹ̀ òdo ni ó ń gbé, inú yàrá tí a dí mọ́ ariwo iná ìlú ni wọ́n sì máa ń lò ó. Ẹ̀rọ ìwádìí ni. Kì í ṣe ohun tí à ń bá ní ilé ìwòsàn ìgboro.

Ohun tí ìwọ̀n yìí fi hàn

Ìkíní ni ọ̀rọ̀ agbálẹ̀. Ní ọdún 1969, ará Amẹ́ríkà kan, Joseph Szurszewski, wọn iná ìfun àwọn ajá tí kò jẹun. Ó rí i pé lẹ́yìn ìsinmi gígùn, ijó líle kan a bẹ̀rẹ̀ láti òkè ìfun, a sì máa rìn díẹ̀díẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀, bí ẹni ń gbálẹ̀ láti yàrá dé ojúde. Àwa ènìyàn náà ní i. Bí a kò bá jẹun, ó ń wá ní bí ìṣẹ́jú 90 sí 120 síra wọn, ó sì ń gbá ìdọ̀tí oúnjẹ àti kòkòrò jáde. Ní ọdún 1977, ọ̀gbẹ́ni Vantrappen àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Belgium fi hàn pé àwọn aláìsàn tí agbálẹ̀ yìí kò ṣiṣẹ́ nínú wọn ni kòkòrò ń pọ̀ sí nínú ìfun tín-ín-rín. Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá wa, kíkùn tí inú ń kùn nígbà tí ebi bá ń pani, tí ẹ máa ń pè ní aràn tí ń ké, kò di dandan kó jẹ́ aràn. Ó lè jẹ́ pé agbálẹ̀ ni ó dé. Bí a bá sì ti jẹun, ó káwọ́ nílẹ̀, ijó oúnjẹ ni yóò bẹ̀rẹ̀.

Ìkejì ni ọ̀rọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Bí ọwọ́ abẹ bá ti kan ìfun, ìlù lè máa dún, ṣùgbọ́n ijó tí ó létò a dáwọ́ dúró. Kì í ṣe ìgbà kan náà ni gbogbo wọn ń jí. Ìfun tín-ín-rín ni ó máa ń kọ́kọ́ jí, nígbà púpọ̀ láàárín ọjọ́ kan. Àpòlùkù tẹ̀lé e láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Ìfun ńlá ni ó ń kẹ́yìn, ó sì lè gbà tó ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí á wá ronú sí i: ta ni ó ń ti afẹ́fẹ́ jáde? Ìfun ńlá ni, ẹni ìkẹyìn. Bí aláìsàn bá ti só, ẹ̀rí ni pé ẹni tí ó sùn jù ti jí, ọ̀nà sì ṣí láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ̀yin ará, ìyẹn ni ìtumọ̀ ìbéèrè dókítà. Kò bú baba wa. Kò ní ẹ̀rọ Vanderbilt lọ́wọ́. Ìsó baba ni ẹ̀rọ tirẹ̀, kò sì náni ní kọ́bọ̀.

Lóde òní, àwọn dókítà a máa jẹ́ kí aláìsàn mìíràn tètè mu omi tàbí kí ó tètè jẹ nǹkan díẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, nígbà mìíràn kí ó tó só pàápàá. Wọ́n tún ń ní kí ó tètè dìde rìn. Kì í ṣe òfin kan náà fún gbogbo ènìyàn. Ẹni tí ó rí inú aláìsàn ni ó mọ èyí tí ó tọ́ sí i. Ohun tí a kò gbọdọ̀ ṣe ni kí á bu oúnjẹ fún un lẹ́yìn wọn. Omi tí wọ́n sì ń fà sí i lára kì í ṣe omi lásán: èébì a máa gbé èròjà kan tí ń jẹ́ potassium jáde kúrò nínú ara, bí ó bá sì dínkù jù nínú ẹ̀jẹ̀, iṣan ìfun kò ní lè jó, bí ìlù ṣe wù kí ó dún tó.

Ìkẹta ni ó ṣe pàtàkì jù fún àwa tí a wà ní òkè Ọya yìí. Ní ọdún 1995, àwọn ará Vanderbilt tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n dí ẹ̀jẹ̀ tí ń lọ sí ìfun ehoro, wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ wọn gbọ́ ìlù rẹ̀ láti òde. Kò pẹ́ rárá tí ìlù náà fi ń falẹ̀. Ìfun tí kò rí ẹ̀jẹ̀ kò lè lu ìlù rẹ̀ pẹ́. Bí a bá sì dá a dúró fún wákàtí díẹ̀, yóò kú, bí ti baba wa ti kú nínú ìpá. Kò sí oògùn tí í jí ìfun tí ó ti kú. Gígé ni wọn yóò gé e.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún

Nígbà tí ìfun bá há, bóyá nínú ìpá, tàbí tí ó lọ́ mọ́ra, èyí tí ó wà lókè ibi tí ó há kò sùn. Ṣe ni ó ń jó kíkankíkan, ó fẹ́ ti ẹrù kọjá níbi tí kò sí ọ̀nà. Ìdí nìyí tí inú fi ń run, tí ó ń dáwọ́ dúró, tí ó tún ń run. Bí a bá wá fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní oògùn ìyàgbẹ́, ńṣe ni a ń na oníjó ní pàṣán nínú yàrá tí a ti ìlẹ̀kùn rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ há àwọn àmì wọ̀nyí sórí: inú tí ń run wá-run lọ; èébì tí kò dáwọ́ dúró; inú wíwú; àìlè yàgbẹ́ àti àìlè só. Bí a bá rí wọn pọ̀, ilé ìwòsàn ni ó kàn. Ìpá tí ó ti ń wọlé tẹ́lẹ̀, tí ó wá le, tí ó ń dun ni, tí kò wọlé mọ́, ilé ìwòsàn ni ó kàn, bí àmì mìíràn kò tilẹ̀ sí. Kò sí agbo, kò sí oògùn ìyàgbẹ́, kò sí fífi omi ọṣẹ fọ inú láti ìdí, kò sí oúnjẹ. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi agbára ti ìpá náà wọlé.

A sì mọ̀ pé ilé ni àbọ̀ simi oko. Kò sí ẹni tí kò fẹ́ràn ilé nínú wa. Ṣùgbọ́n ìfun kò mọ Ọ̀fà, kò mọ Ògbómọ̀ṣọ́, kò mọ Òṣogbo. Iye wákàtí tí ó ní ni ó mọ̀. Kí á kọ́kọ́ tọ́jú aláìsàn níbi tí àrùn ti bá a, kí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ ọkọ̀ lọ sílé lọ dúpẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ sì ní ìpá tí kò tíì dùn yín, ẹ lọ ṣe é nísinsìnyí tí ó rọ̀. Iṣẹ́ abẹ tí a yan ọjọ́ fún kò le tó èyí tí a fi ariwo gbé wọlé lóru.

Ẹ̀yin Alága, ìdí rèé tí a fi bẹ ẹgbẹ́ pé kí apá kan nínú owó òní wà nílẹ̀ lọ́tọ̀. Ní ọjọ́ tí à ń wí yìí, kí wọ́n tó gbé baba wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, a ní láti wá owó àsansílẹ̀, oògùn, ìbọ̀wọ́ àti ẹ̀jẹ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni. Báǹkì ti tì. Láti ilé dé ilé ni a ti ń yá owó, ọmọ wọn sì ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Wákàtí tí a fi wá owó yẹn wà lára wákàtí ìfun. A fẹ́ kí ẹgbẹ́ ní owó tí a lè mú lọ́sàn-án lóru, kí aláìsàn padà san án díẹ̀díẹ̀ bí ara bá yá. A fẹ́ kí orúkọ àwọn tí ó ní ọkọ̀ àti àwọn tí ó lè fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ wà lọ́wọ́ akọ̀wé. A kò bèèrè ẹ̀rọ olówó iyebíye. Ohun tí a bèèrè ni pé kí àìrówó má tún fa ọwọ́ aago sẹ́yìn fún ẹnikẹ́ni nínú wa.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t’àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọmọdé kan ni ó dá ọkọ̀ padà lójú ọ̀nà Ọ̀fà. Owó ẹ̀yin àgbà ni ó san ilé ìwòsàn. Baba tí a ń sọ̀rọ̀ wọn wà láàárín wa níbí lónìí, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún wa pé kí á má nàka sí wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí àgbàlagbà kan tí ń jó gan-an nígbà tí gángan bá dún nírọ̀lẹ́ yìí, ẹ bá wọn dúpẹ́.

Ìlù inú wa kò ní dákẹ́ ní àìtọ́jọ́. Àrùn tí ń dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà kò ní mọ ilé wa. Owó tí a bá ná lónìí, Olódùmarè yóò fi ìlọ́po dá a padà. Ẹgbẹ́ wa kò ní tú ká.